Ẹja Há sí Ọ̀nà Odò

Ẹnu Morónfólú kò mọ ìsinmi, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n mọ́ ọn l'Ọ́tà. Obìnrin yìí lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní Ṣàngó kó máa bá a bọ̀ títí dé Ìjokò láìmí. Télọ̀ ni, ọmọ Ìkirè, iṣẹ́ fáktìrì tí ọkọ rẹ̀ rí ló gbé wọn wá. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ó bímọ, ó sì kọ́lé, síbẹ̀ bó bá ti la ẹnu níbi ìpàdé àwọn onílé, "àlejò" ni Alága Ògúndèyí máa ń pè é.

Ọ̀rọ̀ odò Ẹlẹ́rìn ló dá ìjà sílẹ̀. Odò yìí ni ìlú ń mu láyé àtijọ́, kí omi ẹ̀rọ tó dé tí gbogbo wa fi kẹ̀yìn sí i, tó wá di ibi tí à ń da ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sí. Àwa náà la dà á o, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ mọ́ ẹlòmíràn. Ògúndèyí tiẹ̀ fi ọgbà páànù gun orí ọ̀nà odò, ó ku ibi tóóró tí ènìyàn kan lè fẹ̀gbẹ́ kọjá. Ojú kò tì í, ó tún ní kí ẹgbẹ́ ta ìyókù ọ̀nà náà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí.

"Ta ló tún ń lọ sódò?" ló wí.

Baálẹ̀ àdúgbò wa, tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá, ronú títí. "Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀ mọ́, igbó ni. Bí ìlú bá rìn ín dé odò lọ́jọ́ ọdún wa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á. Bí wọn kò bá rìn ín, ẹ tà á."

Morónfólú ní òun ló máa kó ìlú lọ. Odò lòun fi kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nílé wọn, ó sì ń dùn ún wọra pé àwọn ọmọ òun kò mọ omi tó ń ṣàn ju ti gọ́tà lọ. Ògúndèyí rẹ́rìn-ín. Àlejò ló fẹ́ fi ọ̀nà odò han onílé!

Ohun tí Morónfólú ṣe rèé. Ó ní ẹja ńlá lòun fẹ́ rán, ọ̀rá omi lòun ó fi rán an, inú Ẹlẹ́rìn gan-an ni wọn ó sì ti ṣa ọ̀rá náà. Ẹni tó bá ṣa tirẹ̀ wá, á fọ̀ ọ́, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ìpẹ́ kan, á sì kọ orúkọ ìyá tó kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́ sí i lára. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Àmọ́ ta ni kò ní ìyá? Kò pẹ́ tí ilé rẹ̀ fi kún dẹ́nu ọ̀nà, àtàwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní fáktìrì, àtàwọn ìyàwó ilé Ọ̀tà. Bí ẹja ṣe ń ní ìpẹ́ ni ojú odò ń mọ́.

Ìyá Dúrótoyè, àgbàlagbà ọmọ bíbí Ọ̀tà, ni Morónfólú bi léèrè bí ọ̀nà odò ṣe fẹ̀ tó.

"Obìnrin méjì tó ru ìkòkò á pàdé ara wọn," ni ìyá wí, "èjìká wọn kò ní kanra."

Wọ́n gbé ìkòkò ru obìnrin méjì, Fàlílù tó ń fi ọparun ṣe egungun ẹja sì fi wọ́n wọn ìbú ẹja náà.

Ìyá tún ní, "Ẹni tó bá ru omi ló ni ọ̀nà. Kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ ni yóò yà, ìbáà jẹ́ ọba."

Ibi tó ti ní kì í sọ̀rọ̀ yẹn pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ojú Morónfólú ni gbogbo wọn ń wò.

Ẹ wá rí àṣìṣe wọn? Ọ̀nà ayé ìyá ni wọ́n wọ̀n. Kò sẹ́ni tó rántí wọn ti òní.

Ọjọ́ ọdún pé. Ẹja jáde, ó funfun, ó ń dán nínú oòrùn, ènìyàn rẹpẹtẹ gbé e lé èjìká. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọ orin tí Ìyá Dúrótoyè dá:

"Ẹlẹ́rìn, a dé o,
Ọmọ tó rìn jìnnà ti rántí ilé."

Wọ́n dé ibi ọgbà Ògúndèyí, ẹja bá há.

"Ẹ gé e kó kéré," ni Ògúndèyí wí, ó káwọ́ gbera. "Ọgbà tèmi kò ní kúrò níbẹ̀."

Orin dákẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń yíjú padà. Morónfólú wo ẹja, ó wo páànù. Bí wọ́n bá gé ẹja, orúkọ ìyá ta ni wọ́n fẹ́ gé dànù? Bí wọ́n bá sì padà, ọ̀nà ti tà nìyẹn. Ó la ẹnu, gbogbo ayé ń retí èébú. Ló bá pa ẹnu dé. Ó gba ìkòkò kékeré tó wà lọ́wọ́ Ìyá Dúrótoyè, ó fẹ̀gbẹ́ gba ibi tóóró yẹn, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sódò.

Nígbà tó máa gòkè bọ̀, òṣùká wà lórí, ìkòkò wà lórí òṣùká, omi ń kán sí i lójú. Kò gba ẹ̀gbẹ́ mọ́. Àárín ọ̀nà ló dúró sí, ó kọjú sí páànù.

"Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá," ni Ògúndèyí wí.

Kò dá a lóhùn.

"Ṣé ẹ kò gbọ́ ni?"

Morónfólú kò mira.

Ìyá Dúrótoyè ló sọ̀rọ̀. "Ògúndèyí, ẹni tó ru omi ló ni ọ̀nà. Àbẹ̀kẹ́ ìyá rẹ ru omi gba ibí yìí, ìwọ ló pọ̀n sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi ni. Kò sẹ́ni tó rán ìpẹ́ tirẹ̀, ni mo bá rán an. Òun nìyẹn."

Ògúndèyí sún mọ́ ẹja. Ó ka orúkọ náà, ó fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó lọ di òpó ọgbà mú, ó mì ín, kò tu. Fàlílù bá a dì í mú. Páànù wó lulẹ̀ gbàràmù, ni Alága bá fẹ̀yìn ti ògiri ilé rẹ̀, ó tẹ orí ba.

"Ẹ máa kọjá, ìyá wa," ló wí fún àlejò.

Morónfólú kọjá. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀ níwájú Baálẹ̀ tó wà láàárín èrò. Baálẹ̀ bu omi bọ́jú, ó bọ́ bàtà, ó sì mú ọ̀nà odò pọ̀n. Gbogbo ìlú rọ́ tẹ̀ lé e, orin ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹja gba àárín wọn kọjá láìkan ibì kankan. Àwọn ọmọdé ti kó sómi kí àgbà tó dé ibẹ̀. Ayọ̀ gba Morónfólú lọ́kàn, omijé àti omi odò dàpọ̀ lójú rẹ̀, kò sì tíì sọ̀rọ̀.

Ó wẹ̀yìn, ó rí ẹni tó gbé ìrù ẹja. Ìgbà yẹn ni ẹnu rẹ̀ tó ṣí.

"Alága, ẹ gbé ìrù yẹn sókè dáadáa, ẹ má fà á ya fún mi."

Ògúndèyí sì gbé e sókè.