Orúkọ Tó Dá Akẹtẹ̀ Dúró ní Bodè

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni àwọn aṣọ́bodè ilẹ̀ Nọ́wè fún Auxiliadora Pachay. Bí kò bá ṣàlàyé, wọn yóò dá akẹtẹ̀ tó tà sọ́hùn-ún padà sí Montecristi, ìlú rẹ̀, òun ni yóò sì san owó àtipadà, tó ju èrè akẹtẹ̀ mẹ́ta lọ. Oṣù mẹ́rin gbáko ni Don Ulbio, bàbá ọkọ rẹ̀, fi hun ún.

Kò sí ọgbọ́n tí obìnrin yìí kò dá nígbà tó ń fi í ránṣẹ́. Ó mọ̀ pé àwọn tó ń bá ni fi ẹrù ránṣẹ́ kì í wo ìwúwo ẹrù nìkan, wọ́n ń díye lé fífẹ̀ páálí náà. Nítorí náà ó ká akẹtẹ̀ ọ̀hún bí ẹní sínú páálí tóóró, owó sì wálẹ̀ dé ìdajì. Àṣé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò kó bá a.

"Àǹtí Auxi," ni Yandry tó ń gba ẹrù ní ọ́fíìsì ìfiránṣẹ́ wí, "ẹ kọ 'akẹtẹ̀ Panama' sórí fọ́ọ̀mù, ẹ tún kọ ọ́ pé Ecuador ló ti wá. Wọ́n ní èwo làwọn ó gbà?"

"Ṣé èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ ni? Gbogbo ayé ló ń pè é bẹ́ẹ̀! Àbúrò rẹ tó ń jẹ́ Jordán ńkọ́, ṣé inú odò Jọ́dánì lẹ ti fà á yọ?"

"Ẹ má bá mi jà o. Lẹ́tà ni wọ́n fẹ́, kó wá látọwọ́ ẹni tó hun ún gan-an."

 Láti ogójì ọdún tí Don Ulbio ti ń hun akẹtẹ̀, kò pè é ní Panama rí.

Auxiliadora bá bàbá náà níbi tó ti fàyà ti igi tó máa ń gbé akẹtẹ̀ lé, tó ń hun òmíràn.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ kọ ọ́ pé akẹtẹ̀ Panama lẹ hun."

"Kí ọwọ́ mi kúkú rọ! Àwọn tó ń gba Panama kọjá rà á níbẹ̀, wọ́n bá fi ibùdókọ̀ sọ ọmọ lórúkọ!"

"Ẹ yáa kọ èyí tó bá wù yín!" Ó ju bírò sílẹ̀ fún un.

Bàbá fi ìbínú kọ ọ́: "Èmi Ulbio Mero ni mo fi ewé toquilla hun akẹtẹ̀ yìí ní Montecristi, Ecuador. Àwọn tí kò mọ̀ ló ń pè é ní Panama."

Auxiliadora rò ó pé èébú lòun mú lọ. Yandry kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ohun tí wọ́n ń bèèrè gan-an nìyí, ibi tí wọ́n ti hun ún."

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n yọ̀ǹda akẹtẹ̀ náà. Bí Don Ulbio ti gbọ́, ó ní kó lọ pa Panama rẹ́ níbi tó ti ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Ta ló máa wá rí wa, Bàbá? Kò sẹ́ni tó ń wá toquilla kiri."

"Kí wọ́n kọ́ ọ."

"Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ wọn o!" Ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Kò pa Panama rẹ́, ṣùgbọ́n ó kọ toquilla ṣáájú rẹ̀.