Àga Tó Ṣófo ní Mamini

Oṣù méjì gbáko ni Akisí kò fi dáhùn ìkíni Kùdírátù, bẹ́ẹ̀ pákó kan ṣoṣo ló pín ìsọ̀ aṣọ wọn níyà nínú ọjà ńlá Bouaké.

Ní àràárọ̀, Kùdírátù á kí i ní èdè Jùlá, bó ti ń kí i láti ogún ọdún. Akisí á máa ká aṣọ rẹ̀, á máa wo òréré. Kùdírátù kò yéé kí i. Ó ní ẹnu òun ò ní bó.

Ọ̀sẹ̀ tí Akisí lọ sí abúlé rẹ̀, tí kò wá sọ́jà rárá, Salimata, ọmọ Kùdírátù, jókòó sórí ìdì aṣọ, ó ń ka iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màámi, wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ yín sínú ìwé. Snub."

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Kí èèyàn rí yín, kó ṣe bí ẹni tí kò rí yín. Tíṣà wa ní ó gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ni o. Bó bá ṣèèṣì, kì í ṣe snub."

"Ta ló nílò Gẹ̀ẹ́sì kó tó mọ ìyẹn? Kí la ṣe fún un?"

"Ivoirité ni, ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú pé ọmọ onílùú gidi nìkan ló ni ìlú. Àlejò la jẹ́ lójú wọn báyìí."

Kùdírátù pòṣé. Ó ti pẹ́ tí rédíò ti ń pariwo ọ̀rọ̀ yẹn, Akisí sì ń kí i síbẹ̀. "Má fi ọ̀rọ̀ dídán bò mí lójú. Ìgbà wo gan-an ló dákẹ́?"

Salimata ronú. "Lẹ́yìn ìsìnkú Kofi."

Kofi ni ọmọkùnrin Akisí. Àìsàn ló pa á, kò tíì pé ogún ọdún. Kùdírátù lọ sílé wọn ní Bouaké, ó bá a sunkún, ó padà sílé. Ṣùgbọ́n Mamini, abúlé wọn, ni wọ́n ti sin ín, kò sì débẹ̀. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Anago níbẹ̀, òkú ọ̀dọ́ kì í ṣe ohun tí à ń múra lọ wò. Lọ́dọ̀ àwọn Baoulé, ẹ̀yà Akisí, ẹni tí kò gbé aṣọ wá, tí kò jókòó, kò ka òkú náà sí.

"Háà! Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é."

"Ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀, Màámi."

"Ṣé àga mi tó ṣófo lè sọ ìyẹn fún un?"

Nǹkan mìíràn tún wà nílẹ̀. Salimata kò ní ìwé ìbí, láìsí i kò lè ṣe báàkì, ìdánwò ìparí ilé-ìwé girama, ọjọ́ Ẹtì sì ni wọ́n máa parí gbígba orúkọ. Akọ̀wé ìjọba kan ní àfi kí ọmọ onílùú tó mọ̀ nípa ìbí rẹ̀ wá jẹ́rìí. Ẹ̀yìn ìsọ̀ yìí ni wọ́n bí i sí, ọwọ́ Akisí ló sì bọ́ sí.

Ọjọ́rú, Kùdírátù mú aṣọ tó dára jù nínú ìsọ̀, ó wọkọ̀ Mamini.

"Ẹ má gbàgbé ìwé mi o!" Salimata kígbe tẹ̀lé e.

Ní ilé Akisí, wọ́n fún un lómi. Baba àgbà kan bi í pé kí ló gbé e wá, bí wọ́n ti máa ń bi àlejò. Akisí gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ ìwé dé orí ahọ́n Kùdírátù. Bó bá sọ ọ́ níbẹ̀, aṣọ Kofi á di owó ẹ̀bẹ̀. Ó gbé e mì.

"Nítorí Kofi ni mo ṣe wá. Mo pẹ́. Ẹ má bínú."

"Anago, oṣù méjì!" ni Akisí wí. "Ọwọ́ mi ni mo fi gba ọmọ rẹ. Ìwọ ò wá wo tèmi wọlẹ̀."

"Òótọ́ ni."

Akisí fa àga kan fún un. "Jókòó."

Ó jókòó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò dárúkọ ìwé.

Lọ́jọ́ Ajé, lọ́jà, Akisí ló kọ́kọ́ kí i. Ìgbà náà ni Kùdírátù tó sọ ọ̀rọ̀ ìwé fún un. Akisí ká ọwọ́ lérí. "Wèrè obìnrin yìí! Kí ló dé tí o ò sọ?" Ó fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó sáré lọ jẹ́rìí.

Ìwé náà jáde lọ́sẹ̀ kejì, ṣùgbọ́n wọ́n ti parí gbígba orúkọ. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ Salimata ń ṣe báàkì, ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ló wà, ó ń wọn aṣọ. Ọdún kan ló bá a lọ. Láàárọ̀, kì í kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ mọ́. Á máa ká aṣọ, á máa wo òréré.