Àmì Pupa Lára Ògiri Màmá

Àbúrò mi ọkùnrin ló ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn ilé tí wọ́n fẹ́ wó nítorí ọ̀nà márosẹ̀ tuntun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wá sílé Màmá wa, ó jẹun yó, ó nu ẹnu. Ló bá gbé agolo ọ̀dà, ó fa àmì náà sára ògiri yàrá tí wọ́n bí àwa méjèèjì sí.

Mo ní, "Ṣebí ilé olótẹ́ẹ̀lì lẹ kọ́kọ́ sàmì sí? Ojú mi ló ṣe."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀nà náà ti yà díẹ̀."

"Ó yà fún ọlọ́rọ̀, ó wá kọ lu opó. Àṣé ọ̀nà náà lójú!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi o. Màmá, ẹ gbàdúrà fún mi. Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe ọ̀gá níbi tí wọ́n á ti máa gbowó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ lójú ọ̀nà tuntun náà."

Ó kúnlẹ̀. Ọ̀dà ò tíì gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá, tí kò mọ ibi tí òun máa sùn lóṣù tó ń bọ̀, gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì súre fún un: kí Olúwa gbé e ga, kí ilé rẹ̀ má ṣe dahoro.

Ó ń ṣe àmín kíkankíkan. Láyé mi, n kò gbọ́ àdúrà Màmá rí kí n má ṣe àmín. Lọ́jọ́ yẹn, itọ́ ló kún ẹnu mi. Mo jáde síta, mo tu ú dànù.