Ta Ní Í Dúró fún Oríta?

Ọkọ̀ kẹtàdínlógójì dúró. Awakọ̀ yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, bàbá." Bàbá Láoyè mi orí, kò rẹ́rìn-ín, ó fa ìlà kan sábẹ́ "Ó dúró". Lábẹ́ "Kò dúró", ìlà méjì péré ni.

Láti aago méje ló ti gbé àga síbi tí ọ̀nà mẹ́rin ti pàdé lẹ́nu ilé rẹ̀ ní Ilare. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mọ́tò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá Sùmáyà, ọmọ ọdún méje tó ń gbé lódìkejì, bó ṣe ń lọ síléèwé. Ìyá rẹ̀ bẹ ẹgbẹ́ onílé pé kí wọ́n ri pátákó "Dúró" mọ́bẹ̀. Bàbá Láoyè ló takò ó. Ó ní ogójì ọdún lòun ti ń gbé ibẹ̀, pé ẹni tí wọ́n kọ́ nílé kò nílò kí pátákó tún kọ́ ọ lóde. Nítorí pé gbogbo wọn mọ̀ pé kì í purọ́, wọ́n ní kó lọ ka ọkọ̀. Bó bá rí bó ṣe wí, ọ̀rọ̀ pátákó tán nìyẹn.

Fàòsíyà ọlọ́kadà dé, ó gbé ẹsẹ̀ kan lélẹ̀, ó béèrè bóyá iṣẹ́ ọlọ́pàá ojú pópó ni bàbá gbà lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Bàbá ní kó máa lọ, òun ti kà á mọ́ àwọn tó dúró.

"Ẹ má kà mí o, bàbá. Ẹ̀yin ni mo dúró kí. Ta ní í dúró fún oríta?" Fàòsíyà wo àga náà, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Nígbà tí ìyá wa, ìyàwó yín, ń jókòó bó ẹ̀gúsí níbí, ta ló jẹ́ kọjá láìgba oríkì ẹ̀ lẹ́nu wọn? Látìgbà tí wọ́n ti lọ, ṣe la kàn ń sáré kọjá."

Ó ti pé oṣù mẹ́fà tí Àṣàbí, ìyàwó Bàbá Láoyè, ti kú. Àràárọ̀ ló máa ń fi oríkì kí àwọn ọlọ́kọ̀ bí ẹni pé òun ló bí wọn. Bàbá a máa bá a wí láti inú ilé pé ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ orúkọ ẹni mẹ́ta nínú wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bí àgbà bá wá kúrò lọ́jà ńkọ́?

Ó gbé àga wọlé, ó fa kọ́tìnì, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ojú fèrèsé. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ já lọ. Èkejì tẹ fèrè, kò dẹsẹ̀. Nínú mọ́kànlá, ẹyọ kan ló dúró, ìyẹn náà, ewúrẹ́ ló wà níwájú rẹ̀.

Ó pa gbogbo ìlà òwúrọ̀ rẹ́. Ó mú ìwé tuntun, ó kọ ọ́ pé kí wọ́n ri pátákó náà. Ó wá ku ìdí rẹ̀, tí ẹgbẹ́ ní kó má ṣàìkọ. Ó di bírò mú, ó pẹ́ kó tó gbé e sórí ìwé. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tíì kọ orúkọ yẹn síbì kankan.

"Àṣàbí kò sí níbẹ̀ mọ́."

Ó wò ó títí, kò sì pa á rẹ́.