Ẹ Kú

Ọdún tí wọ́n já iye owó sẹfá tí à ń ná nílẹ̀ àjò wálẹ̀ ni Bàbá Ọlọ́runlékè kú, tí ilé ìránṣọ wa ní àdúgbò Adjamé sì di ti Micheline, ọmọ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n Faransé ló fi dàgbà. Yorùbá a máa yé e. Kí ó sọ ọ́ ni wàhálà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ wa, aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé. Bí a kò bá parí rẹ̀ kí ilé ìwé tó wọlé, a ó ti ìlẹ̀kùn pa.

Kassim ará Ìsẹ́yìn ló mọ aṣọ gé láàrin wa, ó sì ti kọ iṣẹ́. Kò rọrùn láti bá ṣiṣẹ́ rí, agídí ni tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló kú, Micheline kò sì lọ kí i. Micheline kọ́kọ́ ránṣẹ́ pé òun yóò lé e, lẹ́yìn náà ó ní òun yóò fi kún owó rẹ̀. Kassim kò padà síbi iṣẹ́. Inú bí mi sí àwọn méjèèjì.

Èmi tí mo jẹ́ olórí àwọn aránṣọ ni mo ní kí a lọ bá a nílé. Mo kọ́ Micheline bí a ṣe ń kí ẹni tó ṣọ̀fọ̀ pé, "Ẹ kú aráfẹ́rakù." Nínú ọkọ̀ akérò gbaka tó gbé wa lọ sí Abobo níbi tí Kassim ń gbé, ó ń tún un sọ títí obìnrin kan fi ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn ará Ìsẹ́yìn kún iwájú ilé. Micheline kúnlẹ̀.

"Ẹ kú," ni ó wí. Ìyókù sá lọ mọ́ ọn lẹ́nu. "Ẹ kú, bàbá." Ó wá yíjú sí àwọn tó jókòó. "Gbogbo yín, ẹ kú."

Ẹnì kan pòṣé. Mo sáré parí ọ̀rọ̀ náà fún un, ó ti pẹ́ jù. Kassim ní kí ó dìde, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ara tù mí díẹ̀.

Nígbà tí a ń lọ, Kassim di ọwọ́ mi mú.

"Taïrou, mo mọ ohun tí ọmọ yẹn fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n èyí tó sọ yẹn gan-an ló wù mí."

Mo fẹ́ bá a wí pé kí ó má fi ẹnu ara rẹ̀ pe ikú. Ìbànújẹ́ ká mi mọ́lẹ̀.

Nínú ọkọ̀, Micheline ní, "Tonton, il vient demain?" Mo ní kò ní wá lọ́la, kò ní wá mọ́. Ó wá bi mí bóyá òun sọ ìkíni náà dáadáa.

Mo ní ó sọ ọ́ dáadáa.