Ìbọn Tó Sùn Nínú Awọ Tútù

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni Bọ̀ọ̀dá Mùkáílà, awakọ̀ tó ń ná Agbabu sí Òrè, wá jíṣẹ́ fún mi. Ó ní Sájẹ́ǹtì Gabriel, ọlọ́pàá, ní kí n dá ìbọn òun padà kó tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, torí àwọn ọ̀gá ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ wá ka ìbọn. Ọjọ́bọ̀ ti kọjá. Epo ló tán nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀ ní Àgọ́ Aláyé, ó sì sun oorun ọjọ́ méjì lórí ìlà epo.

Ó wo awọ tó fọ́n káàkiri ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó bi mí pé Bàbá dà. Mo ní àwọn sójà ti mú wọn lọ lánàá.

"Sájẹ́ǹtì ńkọ́?"

"Òun ló kó wọn wá."

Ó jókòó sórí àpótí. Nígbà tó yá, ó dìde, ó gba gárèjì lọ.

Àpò ìbọn ni bàbá mi, Zachariah, ń rán. Láti ìgbà tí sójà ti gbàjọba tí nǹkan sì ti wọ́n, àpò ìbọn òyìnbó kò wọlé mọ́. Inú ṣòkòtò ni ọlọ́pàá mìíràn ń ki ìbọn ìléwọ́ sí. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń wá. A ó rẹ awọ sínú omi, a ó fà á bo ìbọn, a ó máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí gbogbo igun ìbọn yóò fi hàn lára rẹ̀. Ó di dandan kó gbẹ síbẹ̀, lábẹ́ òjìji, fún ọjọ́ méjì. Bí a bá fi iná yá a, yóò sán.

Ìbọn igi tí Bàbá gbẹ́ fúnra wọn ni wọ́n ń lò. Wọn kì í jẹ́ kí ojúlówó ìbọn sùn lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ìbọn Sájẹ́ǹtì jẹ́ irú tuntun, a kò ní igi rẹ̀. Bàbá wà lóko ẹ̀gẹ́ ní Ọjọ́rú tí Sájẹ́ǹtì gbé e wá. Èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀. Bí awọ yóò ṣe rọra tẹ̀ yí ìbọn náà ká ni mò ń rò, bó ṣe máa rẹwà tó. Mo fa awọ tútù bò ó, mo gbé e pamọ́ sẹ́yìn awọ màlúù kó lè gbẹ, n kò sì sọ fún Bàbá.

Nígbà tí àwọn sójà fà á jáde lánàá, tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀, Bàbá wò mí lẹ́ẹ̀kan. Bàbá sọ fún àwọn sójà pé àwọn ló ni ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n mú àwọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé oúnjẹ lọ sí bárékè. Sójà ẹnu ọ̀nà ní kí n jẹ ẹ́ fúnra mi, pé ibi tí Bàbá ń lọ, ìjọba ló ń dáná níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ohùn mi fi há. Mò ń gbọ́ ikọ́ Bàbá láti inú lọ́hùn-ún.

Ọ̀sán ni Sájẹ́ǹtì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, láìdé fìlà. Ó ti sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé wọ́n jí ìbọn òun ni. Ó ní bí wọ́n bá mọ̀ pé òun fi ìbọn ìjọba sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọbìnrin, ẹ̀wọ̀n ni, ọmọ mẹ́ta ló sì ń wo ojú òun. Lọ́jọ́ Ajé wọn yóò gbé Bàbá lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń dá ẹjọ́ oníbọn ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá lè sọ pé Mùkáílà ló gbé ìbọn náà wá, pé ó ní òun he é lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, Bàbá yóò sùn sílé lónìí. Ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ awakọ̀ gbọ́?

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo gbà á nínú ọkàn mi, fún ìwọ̀nba ìgbà tí èèyàn lè fi kà dé mẹ́wàá. Mo ti ń rí Bàbá lórí ibùsùn wọn. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìyàwó Mùkáílà, Ìdáyátù, tó ń gbé abọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà bárékè.

"Oyin, ṣé o máa sọ bẹ́ẹ̀?" Sájẹ́ǹtì ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Rárá, Sájẹ́ǹtì," ni mo wí. "Mi ò ní dárúkọ Mùkáílà. Èmi lẹ gbé ìbọn fún, Bàbá mi ò mọ nǹkan kan. Ohun tí mò ń lọ sọ fún ọ̀gá yín báyìí nìyẹn, kí wọ́n tú Bàbá sílẹ̀, kí wọ́n mú èmi."