Ọpẹ́ Tí Josiah Tún Ṣe

Ẹ ti fura: ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ṣe nínú ìtàn yìí ni ọ̀rọ̀ yóò pa. Olùkọ́ ni Josiah. Láti kékeré ló ti wà níléèwé ìjọ ní Ìbàdàn, láti ìgbà náà ni kò sì ti gbọ́ ohun tí ènìyàn ń sọ mọ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìkan ló ń gbọ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ó ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀, ó yà sí Ìrókò lọ́dọ̀ àgbẹ̀ tó máa ń gbà á lálejò. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ odó kankan kò dún. Kò sí iná láàrò. Wọ́n ti da ẹmu sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, eṣinṣin ti bò ó. Àpèkẹ́, ìyá àgbẹ̀ náà, nìkan ló jókòó síbẹ̀, àpá àtijọ́ kún ojú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú ilé. Ọmọ yín ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

"Àwọn ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ?"

"A ò gbọdọ̀ má dúpẹ́."

Josiah rẹ́rìn-ín músẹ́. "'Ò' kan, 'má' kan: ìkíní ti pa ìkejì. Ẹ kúkú sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ dúpẹ́!"

Arúgbó náà wò ó títí. "Ó dáa, olùkọ́. Ilẹ̀ ò tíì ṣú, máa lọ."

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó wọlé, ó rí ẹní kan ní ìyẹ̀wù.

"A kì í sùn lórí ẹní yẹn o!"

"Ta ni 'a', ìyá? Ẹ dárúkọ ẹni tí kì í sùn. Èmi kọ́."

Josiah sùn dáadáa. Ẹní náà tutù.

Nígbà tó délé, ó fi ọ̀rọ̀ arúgbó náà ṣe ẹ̀fẹ̀ fún Adétutù, ìyàwó rẹ̀. Adétutù kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àpótí tó jókòó lé sẹ́yìn.

"Ọkọ mi, orí kí lẹ sùn?"

"Ẹní inú ìyẹ̀wù. Kí ló dé?"

"Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun táwọn ìyá wa kọ́ wa ni? Ẹni tí Olóde bá fi ilẹ̀ẹ́gbóná pa, a kì í sunkún rẹ̀. Ọpẹ́ la ń dá, kó má baà padà wá."

Josiah wá àṣìṣe nínú gbólóhùn náà. Kò rí.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, àwọn ará ìjọ wá béèrè olùkọ́.

Adétutù ní, "A dúpẹ́."